Jíjẹ Láìta: Àyẹ̀wò Ìhun Lẹ́tà Lọ́tìrì Èké Orí Ẹ̀rọ Ayélujára

1.0 Ìfáàrà

Láàrin àwọn ohun tí ẹ̀rọ ayélujára gbé wọ àwùjọ, lẹ́tà tí ń kéde fún ẹni tí kò ta tẹ́tẹ́ pé ó ti jẹ tẹ́tẹ́ jẹ́ ọ̀kan tí ó ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sí ìyọnu. Ẹni tí ó bá gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ yóò kà á nínú rẹ̀ pé owó ńlá kan ti di tirẹ̀. Bí ó bá dáhùn, wọn yóò ní kí ó san owó díẹ̀ kí owó ńlá náà tó lè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Owó díẹ̀ náà kì í tán. Àwọn kan ti fi owó ìfẹ̀yìntì wọn tẹ̀ lé e, àwọn mìíràn sì ti jẹ gbèsè nítorí rẹ̀.

Àlàyé tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn nípa ọ̀rọ̀ yìí kò ju méjì lọ. Èkínní ni pé ojúkòkòrò ni ó ń ti ènìyàn sínú rẹ̀. Èkejì ni pé èdè inú lẹ́tà náà máa ń wọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá mọ̀wé kò ní ṣe àìfura. Bébà yìí yóò fi hàn pé àlàyé méjèèjì kò kájú ọ̀rọ̀ náà tó. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé ìhun lẹ́tà náà ni ó yẹ kí a dá mọ̀, kì í ṣe aṣọ tí a fi wọ̀ ọ́. Àti pé ìmọ̀ tí a fi lè dá ìhun náà mọ̀ wà nínú èdè Yorùbá fúnra rẹ̀, nínú ọ̀nà tí ọ̀rọ̀-ìṣe "ta" àti "jẹ" fi ń tẹ̀ lé ara wọn.

2.0 Ìtàn Ṣókí nípa Jìbìtì Gbowó-ṣáájú

Jìbìtì tí ó wà nídìí lẹ́tà yìí pẹ́ ju ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà lọ. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà ń gba lẹ́tà tí ó sọ pé olówó kan wà lẹ́wọ̀n ní ilẹ̀ Sípéènì, àti pé ẹni tí ó bá fi owó ránṣẹ́ láti gbà á sílẹ̀ yóò pín nínú ọrọ̀ rẹ̀. Láàrin ọdún 1980 sí 1999, irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ń ti Nàìjíríà lọ sí òkè òkun nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ àti ẹ̀rọ fáàsì. Owó epo rọ̀bì àti owó iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba ni ó máa ń jẹ́ kókó inú wọn. Abala 419 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti Nàìjíríà ni jìbìtì náà ti gba orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Gbájú-ẹ̀ ni àwọn Yorùbá ń pè é. Nígbà tí lẹ́tà orí ẹ̀rọ ayélujára wá wọ́pọ̀, ọ̀rọ̀ lọ́tìrì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹyọ nínú rẹ̀.

Ìyípadà yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ti hàn lójú lọ. Ẹni tí ó dáhùn lẹ́tà owó epo mọ̀ nínú ọkàn ara rẹ̀ pé owó tí kò mọ́ ni wọ́n ní kí òun wá pín. Ti lẹ́tà lọ́tìrì kò rí bẹ́ẹ̀. Kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kí ó wá ṣe ibi. Ohun tí ó sọ ni pé orí ti bá a ṣe é. Ẹni tí ó gbà á gbọ́ lè jẹ́ olóòótọ́ tí kò fọwọ́ kan owó olówó rí. Opó tí ó ń wá owó ilé-ìwé ọmọ, tàbí àgbàlagbà tí ó ń dá gbé, lè rí i bí ìdáhùn sí àdúrà. Nítorí náà, bí a bá sọ pé ojúkòkòrò nìkan ni ó fà á, a ti gbé ẹ̀bi tí ó yẹ kí ó wà lórí oníjìbìtì ka orí ẹni tí ó lù ní jìbìtì.

Bákan náà, kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni iṣẹ́ ibi yìí ti ń wá. Ní erékùṣù Jàmáíkà, àwọn kan sọ lọ́tìrì èké di iṣẹ́ orí fóònù, tí wọ́n ń fi tan àwọn arúgbó Amẹ́ríkà jẹ, títí ìjọba ibẹ̀ fi ṣe òfin pàtàkì lé e lórí ní ọdún 2013. Ní ti Nàìjíríà, òfin jìbìtì gbowó-ṣáájú ti ọdún 2006 sọ pé ẹni tí ó bá fi irọ́ gba owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́nà yìí yóò ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 7, tí kò sì ju ọdún 20 lọ, láìsí àyè láti fi owó ìtanràn dípò rẹ̀.

3.0 "Ta" àti "Jẹ"

Nínú èdè Yorùbá, ẹni tí ó bá kópa nínú tẹ́tẹ́ ni a ń sọ pé ó "ta" tẹ́tẹ́. Ẹni tí ó bá sì bọ́ sí i fún ni ó "jẹ" ẹ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì yìí kan náà ni a ń lò nídìí ọpọ́n ayò. Òǹtayò yóò kọ́kọ́ ta: yóò kó ọmọ ayò inú ilé kan, yóò máa fi wọ́n sí àwọn ilé tí ó tẹ̀ lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn èyí ni ó tó lè jẹ. Bí ó ti wù kí ọ̀ta mọ ayò ta tó, kò lè jẹ láìta. Bẹ́ẹ̀ ni òǹwòran tí ó dúró lẹ́bàá ọpọ́n kò lè ṣàdédé gbọ́ pé òun ti jẹ ọmọ mẹ́fà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ẹ̀rín ni yóò fi rín.

Bí ọ̀rọ̀ lọ́tìrì òtítọ́ ti rí gan-an nìyí. Ẹni tí ó ń ta èyí tí a mọ̀ sí Bàbá Ìjẹ̀bú ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn mọ nọ́ńbà tí òun mú, ó mọ iye tí òun san, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bákan náà ni ti lọ́tìrì ọdún Kérésìmesì tí wọ́n ń pè ní El Gordo ní ilẹ̀ Sípéènì. Láti ọdún 1812 ni irú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ni wọ́n sì máa ń fà á. Bọ́ọ̀lù kéékèèké onígi tí a kọ nọ́ńbà sí lára ni ó ń jáde nínú àgbá náà, àwọn ọmọ ilé-ìwé San Ildefonso ní Madrid ni wọ́n sì ń fi orin ké nọ́ńbà náà jáde. Nọ́ńbà orí tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń ké. Wọn kì í ké orúkọ ènìyàn tàbí àdírẹ́ẹ̀sì lẹ́tà orí ẹ̀rọ rẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ El Gordo yìí wà lára àwọn tí àwọn oníjìbìtì ń lò jù lọ láti fi tan ẹni tí kò ra tíkẹ́ẹ̀tì Sípéènì rí.

Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń ṣe ìdíje tí a kì í sanwó wọ̀. Èyí kò ba òfin tí a sọ yìí jẹ́, nítorí pé ẹni tí ó jẹ ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ti fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Fífi orúkọ sílẹ̀ ni "títa" tirẹ̀.

Láti inú àlàyé yìí, a lè fa òfin méjì yọ. Òfin kìn-ín-ní ni pé "ta" ni ó ń ṣáájú "jẹ". Òfin kejì ni pé lẹ́yìn tí a bá ti jẹ, apá kan ṣoṣo ni owó ń gbà: láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ lọ sí ọwọ́ ẹni tí ó jẹ. Lẹ́tà lọ́tìrì èké máa ń da òfin méjèèjì rú.

4.0 Ìhun Lẹ́tà Náà

Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ àti iye owó máa ń yàtọ̀ láti lẹ́tà kan sí èkejì, ìpín mẹ́rin ni ó sábà máa ń wà nínú wọn. Àwọn àpẹẹrẹ tí ó wà nísàlẹ̀ yìí kì í ṣe ti lẹ́tà kan pàtó. A hun wọ́n láti fi ìpín kọ̀ọ̀kan hàn.

4.1 Ìkéde

(1) Inú wa dùn láti fi tó yín létí pé àdírẹ́ẹ̀sì yín wà lára àwọn tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà wa mú nínú lọ́tìrì àgbáyé. Ẹ ti jẹ 850,000 dọ́là.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a kíyè sí nínú (1) ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe "jẹ" wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí "ta". Òǹkọ̀wé mọ̀ pé àlàfo wà níbẹ̀, ìdí nìyí tí ó fi gbé "ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà" wá láti dí i. Wọ́n tún máa ń fi nọ́ńbà ìdánimọ̀, òǹtẹ̀ àti orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá bíi Microsoft kún un, bẹ́ẹ̀ ni Microsoft kò ní lọ́tìrì kankan. Nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé ti ọdún 2010 ń bọ̀ ní Gúúsù Áfíríkà, orúkọ ìdíje náà ni ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà yìí gbé wọ̀. Ní Nàìjíríà, orí fóònù ni ìkéde yìí sábà máa ń gbà wọlé: àtẹ̀jíṣẹ́ kan yóò sọ pé nọ́ńbà fóònù ẹni ti jẹ ẹ̀bùn ilé-iṣẹ́ fóònù, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ fi nọ́ńbà káàdì ìpè ránṣẹ́.

4.2 Ìkìlọ̀ àṣírí

(2) Nítorí ààbò, ẹ má ṣe sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni títí a ó fi san owó yín.

Nínú ìpín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí ni ó léwu jù. Lójú ẹni tí ó ń ka lẹ́tà, ó dà bí ìmọ̀ràn rere, nítorí pé ẹni tí owó ńlá bá bọ́ sí lọ́wọ́ kì í pariwo rẹ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí gbólóhùn náà ń ṣe ni pé ó ń ya ẹni náà sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ gbogbo ẹni tí ó lè là á lójú: ìyàwó, ọkọ, ọmọ, ọ̀rẹ́, àlùfáà, òṣìṣẹ́ báńkì. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè; lẹ́tà yìí sì mọ̀ pé bí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n bá dá sí ọ̀rọ̀ náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ó ti tú ká. Ilé-iṣẹ́ lọ́tìrì òtítọ́ lè gba ẹni tí ó jẹ láyè láti fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́, ṣùgbọ́n kò ní dí i lọ́wọ́ láti fi ọ̀rọ̀ lọ agbẹjọ́rò tàbí ẹbí rẹ̀.

4.3 Ìkánjú

(3) Bí ẹ kò bá kàn sí aṣojú wa kí ọjọ́ 7 tó pé, ẹ ti pàdánù owó náà.

Ìpín yìí ń gba àkókò ìrònú lọ́wọ́ ẹni. A lè fi èyí wé ti lọ́tìrì ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó fún ẹni tí ó jẹ ní ọjọ́ 180 láti wá gba owó rẹ̀. Ẹni tí ó ní owó láti san kì í lé ẹni tí ó fẹ́ san án fún ní eré.

4.4 Ìbéèrè owó

(4) Kí owó yín tó lè kúrò ní báńkì, ẹ ó san 950 dọ́là fún owó orí àti ìwé àṣẹ.

Ibí ni òfin kejì ti dàrú pátápátá: owó yí ojú padà, ó ń ti ọwọ́ ẹni tí wọ́n ní ó jẹ lọ sí ọwọ́ ẹni tí ó yẹ kí ó san. Owó orí ni wọ́n sábà máa ń fi bojú, nítorí pé kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ìjọba ń gba owó orí. Ṣùgbọ́n bí ìjọba ṣe ń gbà á gan-an ni ó ń tú àṣírí wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó lọ́tìrì kò ní owó orí. Ní Sípéènì, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ nínú ohun tí ó bá lé lórí 40,000 yúrò. Ní Amẹ́ríkà, bí owó lọ́tìrì tí ènìyàn jẹ bá ju 5,000 dọ́là lọ, ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ fún ìjọba àpapọ̀. Nínú owó náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́ kí wọ́n tó san ìyókù. Wọn kì í ní kí ẹni tí ó jẹ kọ́kọ́ lọ yọ ọ́ láti inú àpò ara rẹ̀.

Ẹni tí ó bá san ti àkọ́kọ́ yóò gbọ́ pé ó ku owó ibodè, lẹ́yìn náà owó agbẹjọ́rò, lẹ́yìn náà owó ìbánigbófò. Bí ó ti ń san án tó ni yóò máa ṣòro fún un tó láti dúró, nítorí pé bí ó bá dúró, gbogbo èyí tí ó ti san ti ṣòfò. Nígbà mìíràn, wọ́n á tilẹ̀ fi ṣẹ́ẹ̀kì kan ránṣẹ́, pé kí ó fi sí báńkì kí ó sì yọ owó orí nínú rẹ̀. Báńkì lè san owó náà kí ó tó hàn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pé ayédèrú ni ṣẹ́ẹ̀kì náà. Ọrùn ẹni tí ó fi sí báńkì ni gbèsè rẹ̀ yóò wà. Báyìí ni ó fi jẹ́ pé ẹni tí a pè ní olùwà fún "jẹ" nínú (1) ti di àbọ̀ fún un: ẹni tí wọ́n ní ó jẹ ni wọ́n jẹ.

Ọ̀nà tí owó náà ń gbà lọ kò yé pọ̀ sí i. Ilé-iṣẹ́ Western Union jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí àwọn oníjìbìtì lò, débi pé ní ọdún 2017 ó gbà láti san 586 mílíọ̀nù dọ́là ní Amẹ́ríkà nítorí pé kò dènà irú owó bẹ́ẹ̀ bí ó ti yẹ. Nínú owó yìí ni a ti dá owó padà fún àwọn tí a lù ní jìbìtì. Lóde òní, káàdì ẹ̀bùn àti owó orí ẹ̀rọ bíi Bitcoin ni wọ́n tún ń bèèrè, nítorí pé ó ṣòro láti gbà á padà bí ó bá ti lọ.

5.0 Àṣìṣe Èdè: Àmì tí Kò Tó

Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí a ti fún àwọn ènìyàn dá lórí àṣìṣe èdè: kí wọ́n máa wo sípẹ́lì tí ó wọ́ àti gbólóhùn tí kò gún. Òtítọ́ wà nínú èyí, ṣùgbọ́n kò tó gbára lé. Ní ọdún 2012, Cormac Herley, onímọ̀ kan ní ẹ̀ka ìwádìí ilé-iṣẹ́ Microsoft, bèèrè ìdí tí àwọn oníjìbìtì fi ń sọ pé Nàìjíríà ni àwọn ti ń kọ̀wé nígbà tí gbogbo ayé ti ń fura sí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìtàn tí kò ṣeé gbàgbọ́ yẹn ń ṣe iṣẹ́ asẹ́. Kò náni ní ohun púpọ̀ láti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ń gba àkókò láti bá ẹni tí ó dáhùn sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ó sàn fún oníjìbìtì kí àwọn afura tètè kúrò lọ́nà, kí ó ku àwọn tí yóò san owó dópin. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tí ó fi àṣìṣe lẹ́tà kan rẹ́rìn-ín kò tíì ṣẹ́gun oníjìbìtì. Asẹ́ ni ó jò ó dànù.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ti lè kọ lẹ́tà tí kò ní àṣìṣe kankan ní èdè tí ó bá wu ẹni tí ó ni ín. Ẹni tí ó bá gbára lé sípẹ́lì nìkan yóò kó sí ọwọ́ èyí tí a kọ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí èdè náà dán tó, kò lè ṣe kí ó má bèèrè owó, nítorí pé owó ni ó tìtorí rẹ̀ wá. Aṣọ lè yí padà. Ìhun kò lè yí padà.

6.0 Bí a Ṣe Lè Yẹra fún Un

Láti inú àyẹ̀wò yìí, àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí ni ó tọ́ kí ènìyàn gbé:

(i) Kí ó bi ara rẹ̀ pé, "Ǹjẹ́ mo ta?" Bí kò bá rántí tíkẹ́ẹ̀tì tí ó rà tàbí ibi tí ó fi orúkọ sí, kò sí ohun tí ó jẹ.

(ii) Kí ó wo apá ibi tí owó ń lọ. Ìgbà tí ẹni tí ó fẹ́ fún un ní owó bá ti ń bèèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni a ń wò.

(iii) Kí ó má ṣe dáhùn lẹ́tà náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ láti bú wọn, nítorí pé èsì ń fi hàn pé àdírẹ́ẹ̀sì náà ní olówó. Kí ó má ṣe ṣí ohun tí wọ́n so mọ́ ọn tàbí kí ó tẹ ibi tí wọ́n ní kí ó tẹ̀. Kí ó má ṣe fi nọ́ńbà àkáǹtì, BVN, tàbí nọ́ńbà àṣírí káàdì báńkì sílẹ̀.

(iv) Bí ó bá ta lọ́tìrì lóòótọ́, kí ó fúnra rẹ̀ wá ilé-iṣẹ́ náà lọ. Ẹni tí ó ta á lórí ẹ̀rọ ayélujára ní àkáǹtì níbẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ó ti yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe nọ́ńbà fóònù tí ó wà nínú lẹ́tà.

(v) Kí ó sọ fún ẹlòmíràn. Gbólóhùn (2) fúnra rẹ̀ ni ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Ẹni tí ó bá ti san owó ná, kí ó pe báńkì rẹ̀ ní wéréwéré, kí ó pa lẹ́tà àti ìwé owó mọ́ fún ẹ̀rí, kí ó sì fi ẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá tàbí àjọ EFCC. Kí ó sì ṣọ́ra fún ìgbì kejì: ẹnìkan lè pè é, kí ó pe ara rẹ̀ ní ọlọ́pàá tàbí agbẹjọ́rò tí yóò bá a gba owó rẹ̀ padà, bí ó bá lè kọ́kọ́ san owó iṣẹ́. Jíjẹ láìta náà ni ó tún padà dé, ó kàn pààrọ̀ agbádá ni.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Bébà yìí ti fi hàn pé lẹ́tà lọ́tìrì èké ní ìhun kan tí kì í yẹ̀: ìkéde, ìkìlọ̀ àṣírí, ìkánjú àti ìbéèrè owó. Ó ti fi hàn pẹ̀lú pé ẹni tí kò ka ìwé púpọ̀ ṣùgbọ́n tí ó mọ bí a ṣe ń ta ayò ní ohun tí ó lè fi dá a mọ̀, nítorí pé ó mọ̀ pé a kì í jẹ láìta.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìtìjú. Ọ̀pọ̀ ẹni tí a lù ní jìbìtì báyìí kì í sọ ọ́, nítorí pé wọ́n mọ̀ pé wọn yóò pe àwọn ní olójúkòkòrò tàbí òmùgọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, àṣẹ tí oníjìbìtì pa nínú gbólóhùn (2), pé kí a má sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ó ti kó owó lọ. Àwùjọ ni ó ń bá a pa á mọ́. Àwọn àgbà sọ pé ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n kò lè kọ́ wọn bí ẹ̀rín wọn kò bá jẹ́ kí ó lè la ẹnu. Ìgbà tí ẹni tí ó jìn sí kòtò bá lè sọ ibi tí kòtò wà láìtijú ni ọ̀nà yóò tó dára fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn.